Kí Ló Dé Tí RAM 6000 Fi Ń Sá Eré 4800?

Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ to kọ̀ǹpútà tuntun tán. 6000 ni wọ́n kọ sára páálí RAM, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́: iye ìgbà tó ń gbé dátà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni, ní mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Task Manager, ojú tí Windows fi ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà hàn, 4800 lẹ rí. Ẹ wọ BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, ẹ tan EXPO, ètò eré tí ilé iṣẹ́ ti kọ sínú RAM, ó di 6000. Nígbà tó yá, ó tún ti padà sí 4800. RAM náà lè má bàjẹ́ rárá.

4800 ni eré tí ọ̀pọ̀ RAM DDR5 ń bá wá. Eré àfikún ni 6000 yẹn: àfi kí ẹ tan EXPO lórí motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) AMD, tàbí XMP, ètò kan náà, lórí ti Intel. Bí ẹ bá tàn án, volt RAM á gòkè láti 1.1 sí bíi 1.35. Kì í sì í ṣe RAM nìkan ló ń ru ẹrù yìí. Apá inú CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó ń bá RAM sọ̀rọ̀ ń rù ú pẹ̀lú. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá lè gbé e, motherboard á sá padà sí 4800 kí kọ̀ǹpútà lè ráyè tàn.

Tó bá jẹ́ CPU-Z, ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, lẹ fi ń wò ó, 3000 ló máa kọ. Ẹ má bẹ̀rù: ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 6000, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni DDR ń gbé dátà nínú ìlù kan aago rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tan EXPO, ojú kọ̀ǹpútà lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Motherboard ń dán RAM wò ni. Ẹ fi sílẹ̀.

Ihò RAM ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ ka ihò láti ọ̀dọ̀ CPU: bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin tí RAM jẹ́ méjì, ìkejì àti ìkẹrin ni àyè wọn, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ A2 àti B2 sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí á fi dún ká.

Àbí mẹ́rin lẹ kì bọ̀ ọ́? Lórí CPU Ryzen 7000, 5200 ni AMD fọwọ́ sí fún RAM méjì. Tó bá di mẹ́rin, 3600 ni. Ó lè kọjá bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ kò sẹ́ni tó ṣèlérí rẹ̀. Páálí méjì tí ẹ rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tún burú sí i: orúkọ wọn lè bára mu kí chip inú wọn yàtọ̀.

BIOS tuntun sábà máa ń wo àrùn yìí sàn. Orí 4800 ni kí ẹ ti fi sí i, torí RAM tó ń ṣe ségesège lè ba BIOS jẹ́ lẹ́nu ìkọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún EXPO tàn. BIOS tuntun sábà máa ń pa á.

Wàyí o, ẹ fi MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, sórí flash, kó yí RAM ká lẹ́ẹ̀mẹrin. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti pọ̀ jù. Pé Windows tàn kì í ṣe ẹ̀rí. Fáìlì tó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ kì í pariwo.

Bí àṣìṣe bá jáde, ẹ má pa EXPO, ẹ dín eré nìkan kù: 5800, lẹ́yìn náà 5600, kí ẹ máa dán an wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sáré gbé volt sókè. Lórí Ryzen 7000, SoC volt, ìyẹn volt apá CPU tó ń bá RAM sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá 1.3.

Bí kò bá wá tàn mọ́ ńkọ́? Ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ bátìrì róbótó CR2032 fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ dá a padà. BIOS á gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ yí.

Tí àṣìṣe bá ṣì wà ní 4800, ẹ fi RAM kọ̀ọ̀kan sí A2 ní òun nìkan. Èyí tí àṣìṣe bá ń tẹ̀ lé ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n méjèèjì ni kí ẹ dá padà, torí wọ́n ti bá ara wọn mu láti ilé iṣẹ́. Tí méjèèjì bá dára ní A2, tí wọ́n sì kọ̀ ní B2, ẹ tú ìtutù CPU wò: ó lè jẹ́ pé ẹ ti dè é le jù, tàbí kí pin kan ti tẹ̀.