Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀: Okùn Bàtà Kulayb

Àsàlámù àlékùm wàráhmátúláhì wàbárákátùh, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn.

Lóru àná, mo rí i pé mo ti dìde jókòó lórí ibùsùn, mò ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ jà. Ó ti pẹ́ tí ẹni náà ti ṣẹ̀ mí. Ó jẹ owó mi, ó sì tún lọ bà mí lórúkọ jẹ́. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí n óò fi ránṣẹ́ sí i sórí fóònù. Mo mọ ibi tí yóò ti dùn ún jù, mo tilẹ̀ ti mọ àwọn tí n óò jẹ́ kó rí i, kí ìtìjú náà lè kún dáadáa. Nígbà tí mo wo aago, ó ti ju wákàtí kan lọ tí mo ti ń dá ẹjọ́ yẹn nínú ọkàn mi: èmi olùpẹ̀jọ́, èmi ẹlẹ́rìí, èmi náà adájọ́. Ẹ̀rù bà mí, nítorí pé ó ń dùn mọ́ mi.

Ìdí rèé tí mo fi ní kí á sọ̀rọ̀ ẹ̀san lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn àti fíìmù yóò ti rí i pé àwọn agbẹ̀san ni a máa ń gbárùkù tì jù. A ti rí bí wọ́n ṣe rẹ́ wọn jẹ, inú wa ń bá wọn ru. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ kì í tàn wá jẹ. Yóò mú wa bá ẹni tó jàre wọlé, nígbà tí a bá fi máa dé àárín ìtàn, a ò ní dá ojú rẹ̀ mọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Lárúbáwá, ṣáájú ìgbà tí Ìsìláàmù dé. Kulayb ni olórí ìran Taghlib. Abo ràkúnmí kan ṣìnà wọ ibi ìjẹko rẹ̀, Kulayb sì ta ọfà lù ú lọ́mú. Ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Basūs ni ràkúnmí yìí ti wá. Jassās tó jẹ́ ẹbí Basūs, tó tún jẹ́ arákùnrin ìyàwó Kulayb, tó wá láti ìran Bakr, gba ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gàn, ó sì pa Kulayb. Ọmọ bàbá kan náà ni Bakr àti Taghlib o. Muhalhil, àbúrò Kulayb, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọ̀mùtí àti aláfẹ́, búra pé òun kò ní fẹnu kan ọtí mọ́ títí òun yóò fi gbẹ̀san. Ìtàn sọ pé ogun náà gbà tó 40 ọdún. Àwọn akéwì kọrin rẹ̀ láti ìran dé ìran, àwọn ará Síríà sì ṣe é ní eré tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 2000.

Ibi kan wà nínú ìtàn yìí tí mi ò lè gbàgbé. Ọkùnrin kan wà nínú ìran Bakr, al-Hārith ọmọ ʿUbād, tó yọwọ́ kúrò nínú ogun náà pátápátá. Ọmọ rẹ̀, Bujayr, bọ́ sí ọwọ́ Muhalhil, Muhalhil sì pa á. Nígbà tí ìròyìn kan bàbá rẹ̀ lára, ó ní bí ikú ọmọ òun bá lè parí ìjà láàárín ọmọ ìyá, òkú alábùkún ni. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá! Ó ti fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ ra àlàáfíà. Ìgbà náà ni wọ́n wá sọ fún un pé ohun tí Muhalhil sọ nígbà tó ń pa ọmọ náà ni pé okùn bàtà Kulayb lásán ni ó fi ẹ̀mí rẹ̀ dí. Okùn bàtà! Bàbá tó jókòó jẹ́ẹ́ sílé bá ní kí wọ́n mú ẹṣin òun wá, ogun sì tún gbiná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ wo bí ojú ìwọ̀n ṣe fọ́. Ẹ̀mí kan ni wọ́n jẹ Muhalhil. Lẹ́yìn ẹ̀mí àìmọye, ó ní òun kò tíì gba ju okùn bàtà lọ.

Irú rẹ̀ ni Herman Melville kọ ní Amẹ́ríkà ní 1851, nínú ìwé Moby-Dick. Ẹja àbùùbùtán funfun kan gé Ahab tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ní ẹsẹ̀. Ahab wá kó gbogbo ènìyàn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ sójú òkun láti wá ẹja yìí kiri. Igbákejì rẹ̀, Starbuck, sọ fún un pé wèrè ni kéèyàn máa gbẹ̀san lára ẹranko tí kò lóye. Kò gbọ́. Ọkọ̀ mìíràn wá pàdé wọn lójú omi. Ọ̀gá ọkọ̀ náà ń wá ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 12, tó sọnù sínú òkun. Ó bẹ Ahab pé kó bá òun wá a fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀. Ahab náà ní ọmọkùnrin kékeré nílé. Ó wo bàbá ọmọ lójú, ó ní òun kò ráyè, àkókò ń lọ. Nígbẹ̀yìn, okùn ọ̀kọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ jù sí ẹja ló kọ́ ọ lọ́rùn tó fi wọ́ ọ sínú omi. Ọkọ̀ rì, gbogbo wọn bá a lọ, àfi ẹnì kan ṣoṣo. Ọkọ̀ tó ń wá ọmọ kiri yẹn ló yọ ẹni náà.

Kí làwọn tó wà nínú ọkọ̀ Ahab ṣe fún ẹja? Kí ni Bujayr ṣe fún Muhalhil? Mo ronú kan Ìbílísì. Nínú Súrà al-Aʿrāf, àyà 16, ó ní nítorí pé Ọlọ́hun ṣe òun ní ẹni ìṣìnà, òun yóò lọ ba de àwọn ọmọ Ádámọ̀ lójú ọ̀nà tààrà. Èmi àti ẹ̀yin ò tíì dé ayé nígbà náà. Àwa tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló fẹ́ fi gbẹ̀san.

Shakespeare, òǹkọ̀wé eré ará Gẹ̀ẹ́sì, tilẹ̀ gbé e jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú eré rẹ̀ kan, ọmọ ọba tó ń jẹ́ Hamlet bá ẹni tó pa bàbá rẹ̀ níbi tó ti kúnlẹ̀ tó ń tọrọ àforíjìn. Ó ti fa idà yọ. Ó wá rò ó pé bí òun bá pa á lórí àdúà, ó lè wọ ọ̀run rere, ó sì dá idà padà kó lè rí i pa nígbà tó bá wà lórí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn kan máa ń pe èyí ní ìfàsẹ́yìn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ibi rẹ̀ ti dójú gbàgede, nítorí ìdájọ́ ikú kò tó o mọ́, iná ọ̀run ló fẹ́ máa pín. Ta ló fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Ìsìláàmù kò sọ fún ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ pé kó pa ẹnu mọ́. Súrà ash-Shūrā, àyà 40, sọ pé ẹ̀san aburú ni aburú irú rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ṣàmójúkúrò tó sì ṣe àtúnṣe, ẹ̀san rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Súrà al-Isrāʾ, àyà 33, fún ẹbí ẹni tí wọ́n pa ní ẹ̀tọ́, ó sì kìlọ̀ pé kí ó má kọjá ààlà. Adájọ́ wà, ẹlẹ́rìí wà, òṣùwọ̀n wà. Ohun tí ọkàn tó ń ru kò ní gan-an nìyẹn.

Níbi ìwàásù ìdágbére, ní ọdún 10 lẹ́yìn Híjírà, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi gbogbo ẹ̀san ẹ̀jẹ̀ ìgbà àìmọ̀kan sí abẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tó fagi lé, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹbí tirẹ̀ ni: ọmọ Rabīʿah, tí wọ́n pa nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń fún un lọ́mú. Ilé ara rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sì rántí Wahshī. Òun ló pa Hamzah, àbúrò bàbá Ànábì, lójú ogun Uhud. Nígbà tó yá, ó gba Ìsìláàmù, ó wá síwájú Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun. Ànábì bi í bóyá òun ló pa Hamzah, Wahshī ní bẹ́ẹ̀ ni. Ànábì kò ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ó kàn bi í bóyá ó lè máa gbé ojú rẹ̀ pamọ́ fún òun. Mo fẹ́ràn hádíìsì yìí nínú al-Bukhārī gan-an, nítorí Ànábì kò díbọ́n pé kò dun òun. Ó dùn ún, ó sì dá a sí. Lẹ́yìn ikú Ànábì, Wahshī mú ọ̀kọ̀ kan náà tó fi pa Hamzah lọ sógun Yamāmah, ó sì jù ú lu Musaylimah òpùrọ́ tó ń pe ara rẹ̀ ní ànábì.

Ní tèmi, mi ò tíì lè bá ẹni yẹn jókòó, n kò sì ní purọ́ fún yín lọ́jọ́ Jímọ̀. Owó mi, n óò bá a gbé e dé iwájú àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo kọ sórí fóònù lóru, mo ti pa á rẹ́ láàárọ̀ yìí, kí n tó ṣe àlùwàlá.