Kí wọ́n tó lọ gbẹ̀san, ta ló máa bá wọn sọ̀rọ̀?

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn wa n'Ífẹ̀ àti lẹ́yìn odi. Lágere ni mo dúró sí yìí, ẹ̀ ń gbọ́ ariwo ọ̀kadà lẹ́yìn mi, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni mo bá wá lónìí, ó sì ń dùn mí dọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ òbí rò pé ipá nìkan ni wọ́n fi ń mú ọmọ. Wọ́n ń fipá mú àwọn kan lóòótọ́, àmọ́ oore ni wọ́n fi ń fa àwọn mìíì. Ọmọ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí ó wà ní SS2, àwọn kan lù ú lọ́nà, bọ̀dá kan ládùúgbò ní "fi wọ́n sílẹ̀, màá bá wọn sọ̀rọ̀", ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án mọ́ lóòótọ́. Bọ̀dá yẹn ń ra dátà fún un, ó ń ra ọtí fún un, "àbúrò mi" ló ń pè é. Ó ṣe díẹ̀, ó ní kó bá òun gbé báàgì kan lọ síbì kan. Kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa ní kó wá mulẹ̀, ọmọ yẹn ti jẹ gbèsè tí ò mọ bó ṣe máa san án. Ààbò ló ń wá o. Ta ló yẹ kó ti fún un tẹ́lẹ̀?

Ifẹ̀ ò lè gbàgbé July 10, 1999. Lóru ọjọ́ yẹn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ Awolowo Hall, ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní OAU, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ 5, George Iwilade tí wọ́n ń pè ní Afrika wà nínú wọn, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún aláṣẹ nìkan, àwọn fúnra wọn ló dìde pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ò ní ráyè lọ́gbà àwọn mọ́. Ṣùgbọ́n ọgbà ní géètì. Àdúgbò ò ní.

Dókítà kan wà ní Chicago l'Amẹ́ríkà, Gary Slutkin, ó ti bá ikọ́ ẹ̀gbẹ àti kọ́lẹ́rà jà ní Sòmálíà kó tó padà sílé. Ó wá rí i pé ìpànìyàn náà ń ràn bí àrùn, ẹni tí wọ́n pa ọ̀rẹ́ ẹ̀ lónìí ló máa lọ pa ẹlòmíì lọ́la. Lọ́dún 2000 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní West Garfield Park, àdúgbò kan ní Chicago yẹn, wọ́n ń gba àwọn tó mọ ìgboro dáadáa, tí àwọn ọmọ yẹn lè gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, wọ́n á lọ jókòó ti ẹni tínú ń bí kó tó lọ gbẹ̀san, kódà wọ́n ń lọ bá wọn ní ọsibítù.

Àwa náà ní irú wọn níbí. Ká ní ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbi kánífàlì òpin ọdún, wọ́n gún ọmọ kan, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti kóra jọ sí kọ̀rọ̀, fọ́tò ẹ̀ ti wà lórí státọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ẹ̀san ló wà lábẹ́ ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni! Tílẹ̀ bá fi mọ́, ó lè ti bọ́. Ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́, kóòṣì bọ́ọ̀lù wọn, ìyá tí wọ́n ń jẹ àwìn lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹni tí wọn ò lè wò lójú kí wọ́n purọ́ fún, òun ló yẹ kó lọ bá wọn, kó má lọ wàásù, kó jókòó tì wọ́n títí inú wọn á fi rọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ìbọn, ẹ sá fún un, ẹ pe ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn. Tọ́wọ́ bá sì tẹ ọmọ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú pa, ẹ má dáná sun ún, ẹ̀san tuntun lẹ̀ ń bí yẹn.

Nǹkan kan tún kù. Ẹgbẹ́ láńdílọ́ọ̀dù ń gba owó ọdẹ, wọ́n ń gba owó tiransifọ́mà. Ọmọ kan sì wà ládùúgbò yẹn tó ti kọ́ṣẹ́ tán, tí ò rówó ṣe fírídọ́ọ̀mù, tí ò rówó ra irinṣẹ́, ojúlé ni wọ́n sì ń bá a látàárọ̀. Ẹ dárúkọ ẹ̀ ní mítìn tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ dá owó irinṣẹ́ yẹn fún un kí bọ̀dá ọjọ́sí tó débẹ̀.