Bí mo ṣe ń kọ fanfiction lédè Yorùbá: ẹ bá mi wá Yánníbo lọ

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun, ohùn mi á lọ sílẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọ ṣì ń sùn. Aago márùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ní Kubwa, l'Ábújá níbí, wọ́n sì ti pe ìrun àsùbáà. Onígbàgbọ́ ni mí, ṣùgbọ́n ìpè yẹn ló ń jí mi lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti pè é títí di aago mẹ́fà àbọ̀, mi ò ránṣọ, mi ò gbé fóònù oníbàárà. Ìtàn ni mo ń kọ.

Télọ̀ ni mí, ọmọ Ọ̀fà. Fanfiction ni mo ń kọ, ìyẹn ìtàn tí èèyàn ń kọ nípa àwọn ẹ̀dá inú ìtàn ẹlòmíì, nítorí pé ìtàn náà ti tán, ọkàn rẹ̀ ò sì tíì kúrò lọ́dọ̀ wọn. Àwọn òyìnbó ti ń ṣe é tipẹ́. Lọ́dún 1967 ni àwọn olólùfẹ́ Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n kan, ní Amẹ́ríkà ti tẹ ìwé pélébé kan, Spockanalia, tí wọ́n kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sí. Nígbà tó di 2009, àwọn olólùfẹ́ ìtàn fúnra wọn ṣí Archive of Our Own, ìkànnì tí wọ́n ń kó irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sí, sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àjèjì ni nǹkan yìí sí wa. Kò sí apàlọ́ tó dá Ìjàpá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kálukú bá a nílẹ̀ ni, ó sì rán an níṣẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń bi mí pé, "Àǹtí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" Lónìí, màá fi bí mo ṣe kọ ọ̀kan hàn yín.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìtàn tí ẹ mọ̀ dunjú, èyí tí ẹ lè sọ bí wọ́n bá ta yín jí lóru. Tèmi lónìí ni àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀. Yánníbo ò rọ́mọ bí. Ìjàpá gba ọ̀dọ̀ babaláwo lọ, babaláwo se àsèjẹ fún un, ó kìlọ̀ pé Yánníbo nìkan ni kó jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ náà ń ta sánsán lójú ọ̀nà, Ìjàpá tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò, ó jẹ ẹ́ tán. Ni ikùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó sáré padà sọ́dọ̀ babaláwo pẹ̀lú orin ẹ̀bẹ̀, ó ní gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú, tí ọbẹ̀ fi ta sí òun lọ́wọ́, tí òun sì fi ọwọ́ kan ẹnu.

Ó yá, ẹ mú bírò. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ìtàn náà sílẹ̀, kí ẹ wá máa bi ara yín nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan pé, lákòókò yìí, níbo lèyí wà? Ìjàpá wà lójú ọ̀nà. Babaláwo wà nílé rẹ̀. Yánníbo ńkọ́? Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe se ọbẹ̀, nítorí rẹ̀ ni gbogbo ìrìn yẹn, ṣùgbọ́n bí ìyá mi ṣe ń pa á fún wa, àlọ́ náà ò padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Kò sí èyí tó béèrè nínú àwa ọmọ pé kí ni Yánníbo jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Orin la fẹ́ gbè. Ìgbà tí èmi náà wọlé ọkọ, tí ọdún mẹ́rin kọjá kí n tó lóyún, ni mo ṣàkíyèsí pé òun nìkan ṣoṣo ni mò ń rò nínú gbogbo àlọ́ tí mo mọ̀. Irú ibi tí ìtàn ti dákẹ́ báyìí ni mo ń wá. Bí ẹ bá rí i, tí ọkàn yín ò sì jẹ́ kí ẹ kọjá, ẹ ti rí ibi tí ẹ ó jókòó sí.

Ẹ wo ìwé yìí. Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí ni. Níwájú, ẹ rí àyà, ìdí, gígùn apá. Ẹ jẹ́ kí n dojú rẹ̀ dé, kí n ṣí i láti ẹ̀yìn. Ibí ni mo ti ń wọn àwọn ẹ̀dá ìtàn. Ojú ewé Ìjàpá rèé, mo fa ìlà sí i láàárín. Lápá òsì ni ohun tí àlọ́ ti sọ, tí mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: ọ̀jẹun ni, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, kì í gba ẹ̀bi, gbòǹgbò ló máa dá lẹ́bi. Lápá ọ̀tún ni ohun tí àlọ́ ò sọ, tí àyè wà fún mi láti fi kún un: bí ó ṣe ń pe ìyàwó rẹ̀, ibi tó máa ń wò bó bá ń purọ́. Ilẹ̀ ni mo ní kó máa wò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí, torí ibí ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Nínú ìtàn àkọ́kọ́ tí mo gbé síta, mo sọ Ìjàpá di ọkọ rere. Ó sunkún, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Yánníbo, ó gbé ọkọ́, ó kọrí sóko. Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi pé, "Ọkùnrin yìí dára, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n." Ó dùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, nítorí òótọ́ ni. Mo ti gbé orúkọ Ìjàpá wọ ẹlòmíì. Ẹni tó wá ka fanfiction, ojúlùmọ̀ rẹ̀ ló wá kí. Bí kò bá bá a nílé, yóò padà ni. Ẹ lè gbé Ìjàpá wá sí ọjà Wuse lónìí, kó máa ta fóònù, kó máa wọ kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀ẹ̀pù, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lo oṣù kan ní Wuse tí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ wá orúkọ míì fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ wàyí. Mo ní láti mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀. Mo fi í sí àárín: Ìjàpá ti jẹ ọbẹ̀, ikùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú, kò tíì sáré padà sọ́dọ̀ babaláwo. Àlọ́ ò sọ pé ó yà sílé, kò sì sọ pé kò yà.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn rèé: "Inú Yánníbo bàjẹ́ gan-an nítorí pé kò rọ́mọ bí." Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àlọ́ ti sọ ìyẹn fún wa tẹ́lẹ̀. Mo fa igi lé e. Mo wá ń rò ó bí obìnrin tó ń retí oògùn ọmọ ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀. Kò lè jókòó. Iṣẹ́ tó ti ṣe tán ló máa padà sídìí rẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí:

"Yánníbo fọ àwo kékeré náà, ó dà á dé. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ṣí i, ó tún un fọ̀."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà ti fọ àwo bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí Ìjàpá wọlé:

"'Yánníbo, omi wà?'
'Omi wà. Ọbẹ̀ ńkọ́?'
Ìjàpá wolẹ̀. Ó ní, 'Ọ̀nà jìn.'"

Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo fi wá "ọ̀nà jìn" yẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, mo jẹ́ kó rojọ́ gbòǹgbò títí ojú ewé fi kún. Ṣùgbọ́n babaláwo ló ni ẹjọ́ gbòǹgbò. Irọ́ tí èèyàn ń pa fún ẹni tó lè wò ó sàn yàtọ̀ sí èyí tó ń pa fún ẹni tó jẹ ní gbèsè. Níwájú Yánníbo, ọ̀rọ̀ ò lè pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n bi í léèrè ọbẹ̀, ó fi ọ̀nà dáhùn, obìnrin tó ti bá a gbé láti ọjọ́ yìí wá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀.

Ojú ewé kan lójúmọ́ tó mi. Inú ìwé ni mo ti ń kọ ọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, torí wọ́n jí fóònù mi lọ rí nínú ọkọ̀ ní Nyanya, orí mẹ́sàn-án ló bá a lọ. Ní báyìí, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, mo máa fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀ yín. Bí Yánníbo bá ń retí ọkọ, tí kò sí àmì lórí ohunkóhun tí ẹ kọ, òǹkàwé lè rò pé ọkọ̀ ló ń dúró dè. Ẹ lọ sí ètò Gboard, áàpù tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ fi Yorùbá kún àwọn èdè rẹ̀. Á kọ́kọ́ falẹ̀ lọ́wọ́ yín, ọwọ́ yóò mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Orí kọ̀ọ̀kan ni mo ń gbé síta, mi ò kì í kó o jáde lẹ́ẹ̀kan. Oníbàárà mi kan, ará Kano, ló kọ́ mi. Ìwé ìfẹ́ lédè Haúsá ló ń kà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní littattafan soyayya. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń tà wọ́n ní Kano ní ìwé pélébé-pélébé, apá kìíní, apá kejì, obìnrin ló sì kọ púpọ̀ nínú wọn. Orí fóònù lòun ti ń kà á báyìí. Bí mo bá ń wọn ọrùn rẹ̀, ojú rẹ̀ á wà lórí apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mo wò ó, mo ní báyìí ni mo fẹ́ kí wọ́n máa dúró de Yánníbo.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ńkọ́? Gbogbo wa la ni àlọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mú ẹ̀dá inú ìwé, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ yín ló ń béèrè nípa àwọn ọdẹ inú ìwé D. O. Fágúnwà. Ọdún 1963 ló dolóògbé, nítòsí Bida, ní ìhà àríwá níbí. Òfin Nàìjíríà sì ń dáàbò bo ìwé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, nítorí náà àwọn ìwé rẹ̀ ṣì ní ẹni tó ni wọ́n títí ọdún 2033 yóò fi parí. Èmi máa ń kọ orúkọ ẹni tó ni ẹ̀dá ìtàn sókè pátápátá, mi ò kì í da gbólóhùn rẹ̀ kọ, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tà á, kó kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Kí n tó gbé orí kan síta, mo ní láti kà á sókè fún ẹnì kan. Màmá kan wà ní ìkejì ilé wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọn ò lè ka ìwé, ṣùgbọ́n bí gbólóhùn kan bá jọ Gẹ̀ẹ́sì, ojú wọn ló máa ń sọ fún mi. Mo ti ka ti Yánníbo yìí fún wọn lálẹ́ àná. Nígbà tí mo dé "ọ̀nà jìn", wọ́n dẹ́kun ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, "Ó wá bu omi náà fún un?"

Mi ò tíì rò ó débẹ̀. Ẹ wò ó, ìbéèrè wọn ni mo kọ sórí ojú ewé yìí, abẹ́ rẹ̀ ṣì funfun. Aago mẹ́fà àbọ̀ ti lù, oníbàárà kan fẹ́ wá mú aṣọ rẹ̀ ní aago méje. Lọ́la, bí wọ́n bá ti pe ìrun, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.