Odò Ògùn, Igbó Ọba, àti Omi Tí Èkó Ń Mu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe orúkọ odò yìí bó ṣe yẹ. Ògùn ni, kì í ṣe Ògún. Irin ni ti Ògún. Omi ni ti Ògùn, Yemọja ló sì ni ín. Àwa tá a ń jẹ́ ará Òkè-Ògùn kò yẹ kí á ṣì í pè, odò ló sọ wá lórúkọ.

Àwọn baba wa ní Yemọja bínú jáde nílé Ọ̀kẹ̀rẹ̀ Ṣakí, ohun tó gbé dání fọ́, omi inú rẹ̀ sì di odò. Ọ̀kẹ̀rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di òkè kó lè dínà mọ́ ọn, odò wá ọ̀nà gbà títí ó fi dé òkun. Ẹni tó pa ìtàn yìí mọ ilẹ̀ o! Láàárín àwọn òkè agbègbè Ṣakí ni odò náà ti sun lóòótọ́, ọ̀sà Èkó ló sì ń wọ́ lọ. Àwọn ọmọ wa ní Brazil àti Kúbà ń bọ Yemọja létí òkun, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa níbí ni odò rẹ̀ wà.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó pààlà igbó ọba kan lápá òkè odò yìí ní 1936, Upper Ogun ni wọ́n pè é. Ní 1941, wọ́n tún pààlà igbó tó yí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ká. Méjèèjì di géèmù rísáàfù, ìyẹn igbó ìtọ́jú ẹranko, ní 1952, ìjọba àpapọ̀ sì sọ wọ́n di Old Oyo National Park ní 1991. Ilẹ̀ náà tó 2,512 kìlómítà níbùú-lóròó. Ẹ bi ọmọdé pé kí ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀, yóò ní ẹfọ̀n, ìgalà, ìmàdò àti ọ̀bọ. Kò parọ́, àmọ́ ó ku ohun kan.

Mo gbé abọ́ ike méjì sórí tábìlì, mo gbé ìdí wọn sókè díẹ̀. Ilẹ̀ oko tí iná jó kanlẹ̀ ló wà nínú ọ̀kan; ilẹ̀ ẹ̀bá odò, tòun ti koríko àti gbòǹgbò rẹ̀, ló wà nínú èkejì. Mo ní kí ọmọkùnrin kan da ife omi kọ̀ọ̀kan sí wọn. Omi ti àkọ́kọ́ ò dúró rárá, kíá ló sáré jáde, ó pupa bí ògì ọkà bàbà. Ti èkejì, a wò ó títí, kò sí nǹkan. Mo ti ń sọ̀rọ̀ lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tó, tó, tó, ó sì mọ́.

Iṣẹ́ tí igbó ń ṣe nìyẹn. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, odò Ògùn lápá òkè máa ń já di adágún-adágún, ibẹ̀ ni ẹranko ń kó ara jọ sí. (Ọdẹ tó ń yọ́ wọ igbó ọba náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.) Tí òjò bá dé, ilẹ̀ tó ní igi ń gba omi pamọ́, ó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ní ń kó ẹrẹ̀ ránṣẹ́ sí ìsédò Ìkèrè nítòsí Ìsẹ́yìn, ẹrẹ̀ tó bá sì balẹ̀ sísàlẹ̀ ìsédò, ta ló fẹ́ kó o? Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Abẹ́òkúta ń fa omi ní Arákángá, Èkó ń fà á ní Akútẹ̀. Omi apá àríwá igbó náà nìkan ni kò bá wọn lọ, odò Ọya ló ń sàn lọ bá.

Ìyá kan tó ń ta èédú dìde. “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ ní ká má gé igi. Èédú ni mo fi rán ọmọ níwèé.”

Mo ní, “Ẹ jàre, ìyá. Níbo ni èédú yín ń lọ?”

“Èkó ni.”

“Igi wo lẹ fi ń ṣe é?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Emi náà wà níbẹ̀. Ó le, èédú rẹ̀ kì í tètè jó tán.”

Gbogbo wa la mọ ohun tí emi jẹ́. Ara rẹ̀ ni òrí ti ń wá, ó sì máa ń tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Ìyá náà fúnra rẹ̀ sọ pé òrí ni ìyá òun ń ṣe, òun ló yà sídìí èédú. Ó ní emi mẹ́ta ló kù lóko ọkọ òun, òun ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àáké kàn wọ́n.

Ó wá ní, “Àwọn ará Èkó tó ń rà èédú lọ́wọ́ mi, ṣé wọ́n mọ̀ pé igi yìí náà ló ń pọn omi fún wọn? Ta ni yóò san owó èyí tí mi ò gé?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí ìbéèrè tí mo wá béèrè gan-an nìyẹn, ó ti gbà á lẹ́nu mi. Mo sọ òtítọ́ fún un pé mi ò tíì rí ẹni tó san án.

Nígbà tá a fẹ́ túká, ó wá bá mi nídìí tábìlì. Ó ní kí n fún òun ní abọ́ tí koríko wà nínú rẹ̀, òun fẹ́ lọ dà omi sí i lójú ọkọ òun.