Dánfó Tó Di Ọkọ́: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Àwòrán Títẹ̀

Ẹ káàsán o. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi, ẹni tó bá sì ti gbọ́ mi rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àdìrẹ ni mo máa fi jẹ ẹ́ tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán láti orí síńkì, ìyẹn páànù pẹlẹbẹ tí a ń ha àwòrán sí, kó kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ l'Ábẹ́òkúta. Àwọn ọkùnrin a gé páànù ní bátànì, àwọn obìnrin a tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọ́n a fi ẹ̀kọ láfún rá a lójú. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní wọ ibẹ̀. Tiwa ńkọ́? A fi ìda bo síńkì, a fi abẹ́rẹ́ ha á, a rì í sínú ásíìdì. Ibi tí ìda bò, ásíìdì ò rí i jẹ; ibi tí a ha ló ń jẹ, kòtò yẹn ló sì ń gba yíńkì. Ẹ̀kọ ni ìda, aró ni ásíìdì. Àwọn kan (mi ò dárúkọ, ìlà kejì ni wọ́n jókòó sí) á ní Ru van Rossem, ará Netherlands tó wá kọ́ni n'Ìbàdàn àti l'Óṣogbo láyé 1960, ló gbé ọgbọ́n yìí dé. Ásíìdì ló gbé dé o. Ọgbọ́n wà nílé.

Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, náà kọ́ iṣẹ́ ásíìdì yìí. Nígbà tí ásíìdì ba páànù rẹ̀ jẹ́ ní 1967, kò sọ ọ́ nù. Ó fi gọ́ọ̀mù dí i, ó tẹ̀ ẹ́, ohun tó jáde sì di ọnà tirẹ̀ tí gbogbo yín mọ̀.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí ọmọbìnrin kan fi nawọ́ lẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá la fẹ́ gbẹ́ sórí lino ńkọ́?" Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ sókè: lino, ìyẹn abala pẹlẹbẹ rírọ̀ tí a ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ kí a tó fi yíńkì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Dánfó ló gbẹ́, ó fẹ́ kọ ỌKỌ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó rántí pé ohun tí a bá gbẹ́ máa ń yí padà lórí ìwé, ló bá fi dígí wo lẹ́tà, ó kọjú K sósì. Àmì ohùn ló gbàgbé. Ó gbẹ́ ẹ bó ṣe rí nínú ìwé, àmì ìsàlẹ̀ sì jáde bí àmì òkè. Dánfó rèé lórí ogún ìwé, ỌKỌ́ lábẹ́ ẹ̀. Gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé ilé mi. Páànù aládìrẹ kì í yí nǹkan padà! Bó ṣe wà lójú páànù ló ń bọ́ sórí aṣọ. Ohun tí mo ti ń pè ní ọ̀kan náà látọjọ́ yìí, ọmọ yìí fi àmì kan ṣoṣo yà á sọ́tọ̀. Ó dáa, ẹ ṣì lọ sí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ẹ béèrè àwọn tó to lẹ́tà Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn Yorùbá tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1859, pẹ̀lú. Òdì ni lẹ́tà òjé ń kọjú sí ẹni tó ń tò ó.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù fún ìwé dídì. Ẹ ká pépà kan sí méjì lẹ́ẹ̀mẹta, ojú-ìwé 16 nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá tún tẹ́ ẹ, 1 àti 16 ló ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 2 àti 15. Tí àròpọ̀ wọn ò bá jẹ́ 17, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi òwú tí ẹ fi ìda pa rán ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí n tó kó ìwé mi, ọmọbìnrin yẹn ti ń fi ọ̀bẹ gé àmì náà kúrò lórí lino. Ó ní òun á tẹ ogún mìíràn, òun á wá fi bírò fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.