Ọmọ Ta Ló Ń Mu Ọmú Yìí? Bí Kìnnìún Ṣe Ń Tọ́mọ ní Serengeti

Ẹ wo abo kìnnìún tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi yìí. Ọmọ márùn-ún ló rọ̀ mọ́ ọn lọ́mú, ṣùgbọ́n méjì péré ló bí nínú wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àwọn mẹ́ta yòókù.

Àwa Yorùbá sì máa ń sọ pé ọmọ ẹni kò lè ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì. Kí ló wá dé tí ọlọ́lá ijù ń fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́mú? Ní pápá Serengeti, ní orílẹ̀-èdè Tanzania, àwọn onímọ̀ ti ń ṣọ́ kìnnìún láti 1966. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ìdáhùn, ohun tí wọ́n sì rí yàtọ̀ sí ohun tí ojú kọ́kọ́ rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú oyún. Nígbà tí abo bá ń wá akọ, àwọn méjèèjì á yà sọ́tọ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n lè gun ara wọn ní bí ogún ìṣẹ́jú síra, tọ̀sán-tòru. Oyún náà kì í ju nǹkan bí 110 ọjọ́ lọ. Ẹ rò ó wò: ewúrẹ́ ilé wa ń gbé oyún tó oṣù márùn-ún, kìnnìún kì í lo mẹ́rin!

Abájọ tí ọmọ fi kéré tó bẹ́ẹ̀. Ìyá wúwo ju 100 kìlógíráàmù lọ, ọmọ ò ju kìlógíráàmù kan sí méjì. Ojú rẹ̀ á dì fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ara rẹ̀ á sì ní tótòtó. Ìyá á ti kúrò láàárín agbo kó tó bímọ, á fi wọ́n pamọ́ sínú igbó dídí tàbí sáàárín àpáta. Tí òórùn bá ti fẹ́ máa kún ibẹ̀, á fi ẹnu gbé wọn lẹ́yìn ọrùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ síbòmíràn, kí ìkookò má baà tọ òórùn náà wá. Tó bá lọ ṣọdẹ, àwọn nìkan ló kù níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ìyá á mú wọn wá sí agbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwọn abo inú agbo wé orogún. Ìyá àti ọmọ ni wọ́n, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Àwọn tó bímọ lákòókò kan náà á da ọmọ wọn pọ̀, wọn á sì jọ máa rìn.

Ní ti ọmú, Anne Pusey àti Craig Packer, àwọn onímọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Serengeti ní 1978, ṣàkíyèsí ohun kan: tí ojú ìyá bá là, ọmọ tirẹ̀ ló ń fún. Ọmọ ọlọ́mọ tó bá sún mọ́ ọn, á kùn mọ́ ọn, á sì fọwọ́ gbá a dànù. Ìgbà tó bá sùn lọ ni wọ́n máa ń yọ́ wá mu. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ò pọ̀ ló máa ń fàyè gbà wọ́n díẹ̀. Òwe wa ò kúkú parọ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń da ọmọ pọ̀, nígbà náà? Nítorí àwọn akọ àjèjì ni.

Akọ kì í pẹ́ lórí agbo, ọdún méjì sí mẹ́ta ni. Nígbà tí àwọn mìíràn bá lé e lọ, wọ́n á pa àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n bá níbẹ̀. Abo tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ kì í wá akọ. Tọ́mọ rẹ̀ bá kú, kì í pẹ́ tí á tún fi wá. Ìyá kan ò lè dá kojú wọn. Ìyá méjì tàbí mẹ́ta lè lé wọn padà nígbà mìíràn. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń kó ọmọ jọ.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù lọ rèé. Onímọ̀ mìíràn, Karen McComb, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sípíkà gbé ohùn akọ jáde fún àwọn ìyá ọlọ́mọ. Tó bá jẹ́ bàbá àwọn ọmọ ló bú ramúramù, ara àwọn ìyá á balẹ̀. Tó bá jẹ́ ohùn àjèjì, wọ́n á dìde fùú, wọ́n á sì kó ọmọ wọn kúrò níbẹ̀.

Bàbá kì í fọ́mọ lọ́mú, àmọ́ ohùn rẹ̀ lóru ni odi wọn. Ẹni tó bá yìnbọn pa akọ kan, tàbí tó fi májèlé sínú ẹran fún un, ti ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí á wá pa ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Ìwádìí tó jáde ní 2014 fojú bù ú pé gbogbo kìnnìún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ju nǹkan bí 400 lọ. Igbó ọba Pendjari ní àríwá Benin wà lára ibi díẹ̀ tí wọ́n kù sí, bẹ́ẹ̀ náà ni Kainji àti Yankari ní Nàìjíríà.

Àwọn tó bá là á já á kúrò lẹ́nu ọmú ní bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ. Tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n pé ọdún kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn àgbà ṣọdẹ. Akọ á fi agbo sílẹ̀ ní ọmọ ọdún méjì sí mẹ́ta. Abo kì í sábà lọ. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni á ti bí tirẹ̀, àwọn ọmọ náà á sì máa yọ́ lọ mu ọmú ìyá àgbà nígbà tó bá sùn.