Irin, fọ́sífétì àti bátìrì inverter: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òṣogbo

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin èèyàn wa. Láti Ọláìyá dé Òkè-Fìà, ilé tí sólà wà lórí rẹ̀ ti pọ̀, àwọn èèyàn sì ń béèrè ìdí tí bátìrì lithium fi wọ́n ju ti asíìdì lọ. Ìdáhùn náà kò sí lára páálí tí wọ́n fi dì í. Inú èròjà tí wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù rẹ̀ ló wà.

Ní 1980, John Goodenough àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi hàn pé èròjà lithium àti cobalt lè tú lithium sílẹ̀, kó sì tún gbà á padà. Sony gbé bátìrì tí wọ́n fi í ṣe dé ọjà ní 1991. Ṣùgbọ́n cobalt wọ́n, Kóńgò sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Bí èròjà náà bá gbóná kọjá ààlà, ó máa ń tú ọ́síjìn sílẹ̀, iná á sì ràn. Ní 1997, Akshaya Padhi àti Goodenough gbé èròjà mìíràn jáde ní Texas: LiFePO4, tí a ń pè ní LFP. Irin ló rọ́pò cobalt níbẹ̀. Fọ́sífétì inú rẹ̀ di ọ́síjìn mú gírígírí, kì í jọ̀wọ́ rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Fún nǹkan bíi gíráàmù 15.8, ẹ wọn lithium carbonate gíráàmù 3.69, iron oxalate dihydrate gíráàmù 18.0, àti ammonium dihydrogen phosphate gíráàmù 11.5. Ẹ fi glucose díẹ̀ sí i, kí ẹ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ kúnná. Ẹ gbé e sínú ìléru tí argon, gáàsì tí kì í bá nǹkan jà, ń gba inú rẹ̀ kọjá, ní 350°C, kí ammonia, omi àti carbon dioxide lè jáde. Ẹ tún un lọ̀, kí ẹ wá dá a padà sí 700°C fún bíi wákàtí 10. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín, ẹ má pa argon títí ìléru yóò fi tutù pátápátá. Lẹ́búlẹ́bú dúdú ni a ń wá. Bó bá pọ́n rúsúrúsú, afẹ́fẹ́ ti wọlé, irin inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ wá ibi tí páìpù ti ń jò, kí ẹ sì tún iṣẹ́ náà ṣe.

Glucose yẹn ṣe pàtàkì gan-an. LFP kì í gbé iná dáadáa fúnra rẹ̀, ṣúgà tó jóná ló ń di èédú tínínrín tí ń gbé iná kiri ara rẹ̀. Bí èédú bá pọ̀ jù, ẹrù lásán ni, kì í tọ́jú iná. Bí ooru sì ga jù, ẹ̀yọ lẹ́búlẹ́bú á tóbi, ìrìn lithium á gùn. Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ni lithium ń tọ̀ nínú LFP. Bí átọ̀mù irin kan bá ṣì jókòó síbẹ̀, bí ìgbà tí tírélà bá dábùú títì ni: lithium tó wà lẹ́yìn rẹ̀ há.

Lẹ́yìn èyí, a ó po LFP ìpín 80, èédú ìpín 10 àti PVDF (ike tó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀) ìpín 10 pọ̀ nínú NMP, ohun olómi tó ń yọ́ PVDF, a ó tẹ́ ẹ sórí bébà alumíníọ̀mù, a ó sì gbẹ ẹ́ ní 120°C níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá ńlá, pàápàá nígbà òjò ní Òṣogbo. Bí omi bá kan LiPF6, iyọ̀ lithium tó wà nínú ohun olómi inú bátìrì, hydrofluoric acid ló ń bí, asíìdì yìí á sì máa jẹ bátìrì láti inú. Ìdí nìyí tí a fi ń di bátìrì nínú àpótí tí argon kún, tí ọ̀rinrin ibẹ̀ kò tó ìpín 1 nínú mílíọ̀nù kan.

Tí ẹ bá dán an wò, tí ẹ ń gba iná inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gíráàmù LFP kan yẹ kó fún yín ní 150 mAh (ìwọ̀n iná tó lè tọ́jú) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; 170 ni òpin rẹ̀.

Nílé, sẹ́ẹ̀lì 4 tí wọ́n so pọ̀ ló ń di 12.8 fólítì. Kí cháájì má kọjá 14.6. Bí inverter yín bá ṣì wà lórí ètò bátìrì asíìdì, tó ń tì í kọjá 15 láti fọ̀ ọ́, BMS, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì, á gé iná. Fólítì LFP kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìdajì dé ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí náà kò lè sọ iye iná tó kù fún yín. Ẹ ra míta tó ń ka iná tó wọlé àti èyí tó jáde.